Ìsinmi ní Abúlé Tí A Kò Ti Ní Ẹbí

Nígbà tí ọkọ mi sọ fún ìyá rẹ̀ pé a fẹ́ lọ lo ìsinmi ní abúlé kan, ohun tí Màámi kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta ló kú?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní ilé kékeré kan ló wà lábẹ́ òkè, pé ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe rẹ̀ fún òun, pé a máa lọ ní ọjọ́ Ẹtì, a máa padà ní ọjọ́ Ajé.

"Ta la ní níbẹ̀?"

"A ò ní ẹnì kankan níbẹ̀, Màámi."

"Oko ta ni?"

"Oko òyìnbó kan ni. Wọ́n máa ń fi ilé háyà fún àlejò ni."

Màámi wo ọmọ tó sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ó wo èmi náà, bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọmọ òun ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. "Ẹ ní abúlé tiyín, ẹ ò lọ. Ẹ wá ń yá abúlé lọ́wọ́ òyìnbó." Ó mi orí. "Ọmọ oṣù márùn-ún, nínú òtútù yìí."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: kì í ṣe èmi. Títí di òní ni àwọn ará ilé ọkọ mi ń sọ pé ìyàwó ló kó wọn lọ, pé ìyàwó tó fẹ́ ṣe bí òyìnbó ni. Irọ́ ni. Ọmọ wọn ló fẹ́ lọ. Gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń lọ, tí wọ́n á sì máa fi fọ́tò òkè àti koríko han ara wọn ní ọjọ́ Ajé, òun náà fẹ́ ní fọ́tò tirẹ̀. Èmi kàn ní ó dáa ni, nítorí pé ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá bímọ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí gbogbo ayé ti ń bi í pé "kí ló dé", á mọ irú àárẹ̀ tí mò ń wí.

Màámi ti wà lọ́dọ̀ wa ní Rosettenville, ní Johannesburg, láti ìgbà tí ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá wẹ ọmọ ni. Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Láràárọ̀ ló máa jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sí ojúgun, á fi omi gbígbóná àti kànìnkànìn fọ gbogbo ara rẹ̀, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀. Ọmọ á ké títí, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Tó bá ti fi òrí pa á lára tán, ó ku èyí tí Màámi kì í fò láéláé: á na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí iwájú hítà títí yóò fi gbóná, á wá gbé e lé ìdodo ọmọ, lé ìhà rẹ̀, lé àyà rẹ̀, lé àtàrí rẹ̀. "Kí òtútù má ríbi wọlé," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Èmi tí mo bí ọmọ, n kò tíì wẹ̀ ẹ́ rí. Mo máa ń kùn sí ọkọ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ìyá ẹ ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi o. Bí mo bá kùn tán, mo máa ń padà lọ sùn.

Òtútù ni ọ̀tá Màámi. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin kò pé ọdún kan tó fi kú. Wọ́n gbé e rìnrìn àjò nígbà òjò, òtútù wọ̀ ọ́ láyà, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀mí ti bọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. "Ọmọ ò láyọ̀lé," ó ní, "ẹni ọmọ sin ló bímọ." Ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ kóòtù ọkọ mi nínú ilé, tó ń ti gbogbo fèrèsé pa, tó ń bú àwọn tó kọ́ ilé Johannesburg pé wọ́n kọ́ ọ bí ẹni pé òtútù ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo máa ń ṣí fèrèsé, ó máa ń tì í. Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn.

A kúkú lọ. Bí a ti kọjá róbọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, tí a bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, koríko gbígbẹ ló wà lọ́tùn-ún, koríko gbígbẹ ló wà lósì. Ibi tí kò bá sí koríko, wọ́n ti dáná sun ún, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú kirikiri. Màámi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ. Ọkọ mi ń nàka: "Ẹ wo màlúù! Màámi, ẹ wo òkè!"

Màámi ní, "A ti rí i."

Ilé òkúta ni wọ́n fún wa. Ògiri rẹ̀ nípọn, koríko ni òrùlé rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kéékèèké. Ó lẹ́wà, ká má parọ́. Òyìnbó tó ni ín, bàbá arúgbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé nínú òtútù tó ń bù wá jẹ, mú wa wo yàrá. Ó fi ibi ìdáná inú ògiri hàn wá, ó ní kí a má dáná síbẹ̀ o, ẹyẹ ti kọ́lé sínú ọ̀nà èéfín rẹ̀, ó ti dí pátápátá. Ó ní hítà wà. Ó wà lóòótọ́, ti iná mànàmáná ni. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, iná lọ, kò sì dé mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Eish," pé atẹ́gùn ti já wáyà, pé ó di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó wá tún un ṣe. Ó ní shap, bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó dáa níbí, ó bá tirẹ̀ lọ.

A ò sùn, ọmọ ń sín, imú èmi pàápàá ti dí. Mo ní ká kó ẹrù wa ká máa lọ sílé. Màámi náà ní ká máa lọ sílé. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu èmi àti ìyá ọkọ mi máa kò lórí ohunkóhun. Ọkọ mi ní rárá, ká ṣe sùúrù di ọ̀la. Ó da èédú sínú irin tí wọ́n fi ń sun ẹran níta, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní bráì, ó fi í se omi fún wa. Nígbà tó ṣe tán, ó ní òun á lọ sí ilé òyìnbó náà lẹ́yìn òkè, bóyá wọ́n ní hítà onígáàsì tí wọ́n lè yá wa. Fóònù ò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn, òun á lè ya fọ́tò díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bó ṣe lọ tán, Màámi wò mí. "Ojú ẹ ti pọ́n, ìyàwó mi. Lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Jẹ́ kí n wẹ ìyá mi." Ọmọ ló ń pè ní ìyá mi.

Ibì kan ṣoṣo tó móoru ní gbogbo oko yẹn ni inú ọkọ̀ wa, tí oòrùn ń gba ojú gíláàsì wọ̀. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo na àga sẹ́yìn, mo ní kí n kàn pajú dé díẹ̀.

Ọyàn mi ló jí mi. Ó ti kún, ó ń ro sí mi láṣọ, ó sì ń dùn mí, èyí tó fi hàn pé àkókò tí ọmọ ń mu ọyàn ti kọjá. Mo tẹ́tí. Ọmọ mi kì í fi ebi ṣeré. Bí ebi bá pa á, aládùúgbò kẹta á gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi atẹ́gùn. Mo ní, àṣé Màámi ti tún fún un lómi mu nìyẹn. Mo sì ti kìlọ̀, kìlọ̀, pé ọmọ yìí kò tíì tó ẹni tí à ń fún lómi. Ìbínú omi ni mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún un ti wà lẹ́nu mi.

Ilẹ̀kùn yàrá kò ṣí. Mo tì í, nǹkan ń dí i. Ìró Màámi ni, ó ti ká a sí abẹ́ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má bàa wọlé. Mo fi èjìká tì í. Ooru fẹ́ sí mi lójú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ooru náà dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí a ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ara mi máa balẹ̀. Ìkòkò irin kan wà láàárín yàrá, èédú tí Màámi kó wá láti inú bráì kún inú rẹ̀, ó pọ́n, kò rú èéfín kankan. Màámi jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọmọ wà lójúgun rẹ̀, ó ń dán fún òrí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Àwọn méjèèjì sùn. Mo tiẹ̀ fẹ́ rọra padà kí n ti ilẹ̀kùn, kí ooru má bàa jáde.

Ohun tó dá mi dúró ni pé Màámi ń hanrun. Màámi kì í hanrun. Ó ń hanrun bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, mo sì rí i pé ó ti bì sí àyà ara rẹ̀.

Mo gbé ọmọ. Orí rẹ̀ yí sẹ́yìn, apá rẹ̀ já wálẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò ké. Yéè, mo gbé! Mo gbá a mọ́ra, mo sáré jáde, orí tèmi náà ti ń yí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ níta, mo fi ẹnu mi bo imú àti ẹnu rẹ̀, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bí mo bá gbé ẹnu kúrò, mo ń pariwo: "Má ṣe é! Má ṣe é fún mi o! O ò gbọdọ̀!" Àyà rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń gbọ̀n.

Ariwo mi ni ọkọ mi gbọ́ tó fi sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ó ti rí hítà gbà, ó gbé e lé èjìká. Ó jù ú sílẹ̀. Ó wo ọmọ, ó wò mí, ó wò yíká.

"Màámi ńkọ́?"

"Ọmọ ò mí dáadáa!"

"Màámi ńkọ́?"

Mo tún fi ẹnu bo imú ọmọ. Ó sáré wọlé, ó fi apá méjèèjì wọ́ ìyá rẹ̀ jáde sórí koríko. Títí di òní, èmi àtọkọ mi ò tíì dárúkọ ìbéèrè yẹn síra wa. Àmọ́ mo máa ń rí i lójú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró dè mí pé màá tọrọ àforíjì. Ọwọ́ méjì ni mo ní, ọmọ mi sì wà nínú méjèèjì.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní ìlú tó wà nísàlẹ̀. Ọkọ mi wa ọkọ̀ débẹ̀ bí ẹni tí òrìṣà ń gùn. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ike bò ó nímú, wọ́n ń fún un ní afẹ́fẹ́. Nọ́ọ̀sì kan kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó kàn ní, "Èédú ni?" Mo ní èédú ni. Ó ní lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti dé, wọ́n máa ń gbé wọn wá. Ó ní èyí tó ti pọ́n dáadáa, tí kò rú èéfín mọ́, òun gan-an ló burú. Ó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò rùn, tí ojú ò rí, bí kò bá sì ríbi jáde, inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló ń wọ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo rò ó. Mo mọ ilé tí Màámi ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àlàfo wà láàárín ògiri àti páànù níbẹ̀, tí alángbá ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde. Fèrèsé rẹ̀, pákó ni, kò tíì sí ọjọ́ tó pa dé dáadáa. Èédú wà nínú yàrá ọlọ́mọ nígbà òjò, wọ́n á máa fi yá ọmọ níná, kò sì mú ẹnì kankan, torí pé ilé ń mí. Ilé òyìnbó yẹn kì í mí. Ihò tó kù fún un, Màámi ti fi ìró dí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ la ojú. Mo pariwo orúkọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò ké, kò wá ọyàn. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ògiri. Dókítà, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, sọ fún wa pé ẹ̀mí rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, pé ohun tó kù ni ọpọlọ rẹ̀, òun kò sì lè ṣèlérí nǹkan kan. "Ẹ̀yin lẹ máa wò ó," ó ní. "Ẹ wò ó bóyá á máa mọ̀ yín. Ẹ wò ó bóyá á máa na ọwọ́ sí ohun tó bá fẹ́."

Màámi náà jí ní yàrá kejì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ìyá mi ńkọ́?" Ọkọ mi ṣàlàyé fún un. Ó tún un ṣàlàyé. Màámi wò ó. "Iná tí mo fi yá gbogbo yín?" Ó di apá ọkọ mi mú. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Òtútù ni. Ẹ ní kí wọ́n wo àyà rẹ̀, òtútù ni." Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ògiri.

A padà sí Rosettenville. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo sì sọ ọ́ sókè kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọ mi. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi ń tutù mọ́ mi lọ́wọ́, ọmọ ń yọ̀ bọ́rọ́bọ́rọ́. Màámi á gbé àpótí rẹ̀ sí ọ̀nà àárín yàrá, á jókòó, á máa gbọ́ ìró omi. Kì í sọ pé báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Kì í wọlé.

Ọmọ mi kò ké mọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo mi kọ́kọ́rọ́ lójú rẹ̀, mo fi ṣíbí lu abọ́, mo tú ọyàn mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ á tẹ̀ lé e díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sùn sílẹ̀ níbi tó wà. Kò nà án. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa, ọ̀kan nínú wọn ní ká máa dúpẹ́, pé ẹ̀mí ṣáà wà. Mo ní, "Ẹ̀mí wà, àbí? Ẹ̀mí wà lára ewúrẹ́ náà." Wọn ò mu omi tí a gbé fún wọn tí wọ́n fi lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màámi wọ yàrá ìgbàlejò wá bá mi. Ó kúnlẹ̀. Ìyá tó bí ọkọ mi, ó fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún kúnlẹ̀ sórí táìlì, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. "Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́." Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé á mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n sáré kúnlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, kí n sunkún, kí n gbé e dìde. N kò ṣe é. Mo ní, "Ẹ dìde, Mà, ẹ má fi èpè lé mi lórí," mo sì gbé ọmọ mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rí i.

Kò bá mi jà. Ó kàn fa ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ máa padà sílé sún mọ́ tòsí. Ó ní màá bá wọn dé pápákọ̀ òfuurufú, pé bí n kò bá wá, òun ò ní gbàgbé é láéláé. Mo lọ. Ọmọ wà ní ẹ̀gbẹ́ mi, n kì í gbé e kalẹ̀ nígbà yẹn.

Nígbà tó kan kí Màámi wọlé, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó súre fún un títí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí wa. Ó dúró ní ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ wa, bí ẹni pé wọ́n fa ìlà sílẹ̀ fún un. "Ó dàbọ̀, ìyá mi," ó ní. "Máa tọ́jú ìyá ẹ."

Mo gbọ́ tí ọmọ mí kanlẹ̀. Ó yí orí. Ó wá ohùn náà kiri títí ojú rẹ̀ fi bà lé Màámi, ojú rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́. Ọwọ́ méjèèjì! Ìka rẹ̀ ń là, ó ń pa dé, ó sì ń ké wínrínwínrín bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan rẹ̀ dù ú, ó ń fi gbogbo ara fà kúrò lọ́wọ́ mi.

Mo figbe ta. "Ó na ọwọ́! Bàbá ọmọ mi, wò ó, ó na ọwọ́!" Àwọn èèyàn ń wò wá. Ọkọ mi fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi, mo sáré lọ bá Màámi, mo na ọmọ sí i.

"Ẹ gbà á, Mà. Ẹ gbà á."

Màámi wo ọwọ́ kékeré méjèèjì náà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á."

Ó kó ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.